Àwòrán Mẹ́rin Inú Pálọ̀ Tíṣà Adédìran

Àwòrán mẹ́rin ló wà lára ògiri pálọ̀ Bàbá Adédìran, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ láti Èkìtì wá sí Jos láyé ọjọ́un. Òyìnbó ló yà wọ́n, ìtàn kan ni wọ́n sì ń sọ tẹ̀ léra. Nínú èkíní, ọkùnrin kan dúró ní ìhòòhò níwájú àpáta, eyín rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó gbé orí ọ̀bọ dání. Nínú èkejì, òyìnbó dé tòun ti ìwé. Nínú ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, ó wọ ṣòkòtò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní súìtì.

Ìríra gbáà ni wọ́n jẹ́ fún Olúkọ́lá, ọmọ bàbá náà. Ní kékeré, ó máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wo ẹranko inú àwòrán àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ kì í bá a wí, kì í sì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, Tabitha, ọmọ ẹ̀yà Berom láti Gyel lẹ́bàá Jos, ló fẹ́ fẹ́, bàbá àgbà Tabitha sì ń bọ̀ ní Sátidé wá wo ilé tí ọmọ wọn ń lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan wọ̀nyí kalẹ̀. Àwọn ará òkè ibí ni wọ́n sọ di ẹranko báyìí. Tí àwọn ará Tabitha bá rí i, wọn ò ní fún mi lọ́mọ. Ẹ̀gbin ni!"

Bàbá ń fi aṣọ nu gíláàsì tó bo ojú ọkùnrin inú àwòrán àkọ́kọ́, bó ti máa ń ṣe láràárọ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀gbin ni," ó sọ. "Má fọwọ́ kàn wọ́n."

Olúkọ́lá wo ọwọ́ tó ń nu gíláàsì náà. Bàbá tó jẹ oúnjẹ àwọn ará ibí, tó kọ́ ọmọ wọn níwèé, ló tún ń kẹ́ ẹ̀gàn wọn bí ẹyin.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Olúkọ́lá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó da kẹrosíìnì lé wọn, ó ṣáná sí i. Ó tutọ́ sínú iná náà. Ara tù ú.

Bàbá wọlé, ó wo ògiri, ó jókòó. Ó ká aṣọ tó fi ń nu gíláàsì wọn lé itan.

Bàbá Gyang, bàbá àgbà Tabitha, dé lọ́sàn-án. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba, ó fi Hausa kí bàbá Olúkọ́lá bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kí tíṣà.

"Sannu, Malam. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni mí. Lẹ́nu yín ni mo ti gbọ́ Yorùbá."

Ó wo ògiri yíká. Olúkọ́lá mí kanlẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ iná.

"Kai! Ẹ ti sọ wọ́n kalẹ̀?" Bàbá Gyang yíjú sí Olúkọ́lá. "Ọkùnrin oníhòòhò yẹn ni bàbá rẹ kọ́kọ́ fi hàn wá ní kíláàsì, wọ́n ní Èkìtì ni òyìnbó ti yà á, irọ́ ni eyín, irọ́ ni ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yẹn gan-an ni ojú bàbá rẹ àgbà tó bí wọn, tó kú láì ya fọ́tò rí."