Nọ́ńbà Tó Ń Lọ Sílẹ̀

"Mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀ lónìí?"

"Ogún, Daddy."

"Tọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Márùndínlógójì."

"O rí i báyìí. Ó ń lọ sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù, sà."

"Tèmi tìrẹ ò le. Kabir ni kí o lọ bi bóyá ó ṣì ní sùúrù."

Khàdíjàt ká ìwé pélébé náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì ti bàbá rẹ̀ lórí àga onítáyà jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń dúró dè wọ́n.

Oṣù keje rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá Alhaji Àkàndé jókòó. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Khàdíjàt nìkan ni ọmọ tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé ní Ọ̀fà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ ilé ìtọ́jú. Wọn á de Alhaji mọ́ ẹ̀rọ kan láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rìn. Yàrá náà kéré. Àwọn tó mú aláìsàn wá kì í wọlé. Bí wọ́n bá ti parí, Fọlákẹ́, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn lórí ẹ̀rọ náà, á fi ìwé kan lé Alhaji lọ́wọ́. Nọ́ńbà kan á wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọgọ́rin ló wà níbẹ̀. Alhaji ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ pé bí ara òun ṣe ń gba ìtọ́jú sí nìyẹn. Bó bá pé ọgọ́rùn-ún, òun á rìn. Ogún péré ló kù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Khàdíjàt àti Kabir mú ọjọ́ yìgì wọn, torí Alhaji ti búra pé ẹsẹ̀ òun lòun á fi rìn dé mọ́sáláṣí láti fi ọmọ òun fọ́kọ. Nígbà tí nọ́ńbà di ọgọ́ta, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Nígbà tó di ogójì, wọ́n tún sún un.

Lọ́jọ́ tó di ogún yẹn, Fọlákẹ́ bá Khàdíjàt ní ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ kú àforítì. Bàbá ń ṣe dáadáa."

Khàdíjàt dúpẹ́. Ó rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti máa tu èèyàn nínú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, òjò ká a mọ́ Ìjàgbò, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Nígbà tí ọ̀kadà fi máa gbé e délé, aṣọ tó sá sẹ́yìnkùlé ti wà nínú ilé, gbogbo rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló kó wọn, Daddy?"

"Àdìkẹ́ ni."

Ilé kejì ni Àdìkẹ́ ń gbé. Lọ́jọ́ kejì, Khàdíjàt lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ìlọrin ni mo wà lánàá."

Alhaji fọwọ́ ra iwájú orí nígbà tó gbọ́. "Á jẹ́ ẹlòmíràn ni. Khàdíjàt, orí mi náà ti ń dàrú. Má fi mí sílẹ̀ báyìí."

"Mi ò lọ síbì kankan, sà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nọ́ńbà di márùn-ún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àbúrò bàbá Kabir wá láti Ìlémọnà.

"Alhaji, wọ́n ti gbé Kabir lọ sí Mínná níbi iṣẹ́. Ọ̀túnla ló ń lọ. Ẹ jẹ́ ká so yìgì náà lọ́la."

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin èèyàn rélùwéè, ọkọ̀ yín kì í kúkú dé lásìkò."

Khàdíjàt rẹ́rìn-ín. Alhaji ò rín.

"Ẹ fi àbúrò yín ṣe aṣojú," àlejò náà ní. "Ẹ̀sìn gbà á."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn gbà á. Èmi ni mi ò gbà."

Àlejò náà yíjú sí Khàdíjàt. "Ìyàwó wa, kí lo wí?"

Khàdíjàt kúnlẹ̀. "Mi ò lè mú Daddy da ìbúra wọn, sà."

"Ó dáa. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá ti ṣú, ẹ má retí wa mọ́."

Nígbà tó lọ tán, Khàdíjàt lọ sójú fèrèsé. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì, ó sì tẹ nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Anti Fọlákẹ́, Khàdíjàt ni, ọmọ Alhaji Àkàndé. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ni, kí ẹ fi ọjọ́ kan kún ti Daddy. Ó ti di márùn-ún, ẹ̀rù ń bà mí."

Ó fetí sí èsì.

"Kò yé mi, mà."

Ó tún fetí sílẹ̀. Eléyìí pẹ́.

"Láti ìgbà wo?" Ó yí ìwé náà dojú dé. "Ẹ ṣé, mà."

"Kabir nìyẹn?" Alhaji bi í.

"Rárá, sà."

Ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó ti we ìborùn rẹ̀, báàgì wà léjìká rẹ̀.

"Níbo nìyẹn?"

"Ilé àbúrò yín. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, màá dé Ìlémọnà."

"Àláásárì ti tó. Ta ló máa bu omi àlùwàlá fún mi?"

Khàdíjàt ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ṣílẹ̀kùn. "Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń bá yín ṣe ni nọ́ńbà yẹn, Daddy, wọ́n sì sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti di ogún ni ẹ ti ń dá rìn, torí náà ẹ dìde, kí ẹ wá ti ilẹ̀kùn."