Ẹsẹ̀ Òsì Síwájú

"Mú Queralt lọ bá Isern. Ṣèlérí fún mi."

Ọ̀rọ̀ tí Remei sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Eudald ṣèlérí, ó sì lọ bu omi wá fún un. Kí ó tó gbé omi náà dé, Remei ti kú.

Queralt, ọmọ wọn, dé ẹnu ọ̀nà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbọ́. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ó béèrè pé, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ Isern?"

Eudald wò yíká. Kẹ̀kẹ́ ọmọ náà fara ti ògiri. Táyà iwájú rẹ̀ ti họ, nítorí pé ó máa ń fi í fò gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kẹ̀kẹ́ ni," ó ní. "Ìyá ẹ fẹ́ kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ gun àpáta."

Queralt rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Isern ní agbègbè Vic. Ó ti fi kẹ̀kẹ́ díje ní Faransé fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà sí abúlé rẹ̀ lórí òkè, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé láàárín òkúta odò tó ti gbẹ. Kì í gba gbogbo ọmọ. Èyí tó bá gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa sùn láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Eudald mọ bí ilé tirẹ̀ yóò ṣe rí láwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ ó ṣe ohun tó yẹ kí bàbá ṣe. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sá sọ́séèjì ló ń bá ṣiṣẹ́, kò sì mọ nǹkan kan nípa irú kẹ̀kẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Ó wá èyí tí kò ní ìjókòó, nítorí ẹni tó ń gun àpáta kì í jókòó. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ha etí rímù rẹ̀ kí bíréèkì lè dì í mú. Látìgbà náà, bí Queralt bá ti tẹ bíréèkì, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́.

"Eudald!" Baba Quirze tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà pariwo láti ojú fèrèsé. "Ẹlẹ́dẹ̀ wo lo ń pa níbẹ̀ yẹn?"

"Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni, Baba."

"Kẹ̀kẹ́? Tètè pa á, kó lè sinmi."

Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, Eudald ní òjò fẹ́ rọ̀. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní ọkọ̀ ò dáa. Ní ẹ̀kẹta, Queralt fúnra rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó jókòó, ó sì di bẹ́líìtì.

Isern ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì pa nígbà tí wọ́n dé.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Queralt ni, tíṣà."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́wàá," ni Eudald dáhùn.

"Mọ́kànlá, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gun kẹ̀kẹ́ ni?"

Isern rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó wo Eudald dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ Remei, àbí? Ó máa ń wá wò wá níbí kí n tó lọ sí Faransé. Ṣé dáadáa ló wà?"

"Ó ti kú."

Isern gbé búrẹ́dì rẹ̀ sórí òkúta. Kò jẹ ẹ́ mọ́.

Queralt dìde lórí kẹ̀kẹ́, ó yọ ṣóńṣó ahọ́n síta, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì síwájú dípò ọ̀tún. Àwọn ọmọ tí Isern ń kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ó ń fi ẹ̀yìn gùn ún!"

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́," Isern ní. "Ẹsẹ̀ òsì lèmi náà ń fi síwájú. Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, tíṣà. Bó ṣe ń wá nìyẹn."

Eudald bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún okùn bàtà rẹ̀ dì.

Isern ṣàlàyé òfin fún un. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá kanlẹ̀, àṣìṣe kan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, àṣìṣe márùn-ún ni, ìgbìyànjú yẹn sì parí; ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni ọmọ lè gbìyànjú. Òbí lè dúró lábẹ́ àpáta, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ nawọ́ àfi tí ọmọ bá ń já bọ́.

Queralt fò dé orí òkúta kejì. Táyà iwájú gbọ̀n. Eudald nawọ́, ó gbá táyà ẹ̀yìn mú.

"Bàbá! Mi ò ṣubú! Ta ló sọ pé mò ń ṣubú?"

Isern na ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún sókè. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Bàbá Queralt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ yẹn."

Eudald kúrò. Isern dúró sípò rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Táyà tún gbọ̀n. Isern kò mira. Queralt fò, ó sì dé orí àpáta.

"Mo gbà á," Isern ní. "Ẹ gbé e wá ní Jímọ̀." Nígbà tí ọmọ náà ti lọ gbé kẹ̀kẹ́ sí ọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé Remei ló ní kẹ́ ẹ mú un wá?"

"Òun ni."

"Kò sọ nǹkan míì?"

"Rárá."

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Queralt ní, "Inú Màmá á ti dùn báyìí, àbí, Bàbá?"

"Á dùn," Eudald ní.

Jímọ̀ ti dé, ó sì ti kọjá. Eudald nìkan ló wà nílé. Kò tíì da omi inú ife tó gbé dé ọ̀dọ̀ Remei nù. Kò tíì gbé bàtà ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì sùn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Remei máa ń sùn sí. Kò sì tíì sọ fún Isern, gẹ́gẹ́ bí Remei ṣe rán an kí ọmọ náà tó dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, pé Isern ló bí Queralt.