Ọkọ̀ Oníke Tí Kì í Há

Ọ̀gá nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, ó ń fi bíríkì ìṣeré oníke to ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì kékeré ti wọ inú rẹ̀. Ó ku táyà kan.

Akọ̀wé yọjú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn àlejò yín ṣì ń dúró."

"Ṣé ilé ń jó ni? Jẹ́ kí n parí!"

Ó fi táyà tó kù sí i, ó tẹ bọ́tìnì. Ọkọ̀ náà gun bàtà, ó gun ìrọ̀rí, kò há rárá.

Ọ̀gá fò sókè. "Káre, ọmọ mi!" Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ní kí wọ́n wọlé."

Wọ́n wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn.

Ìyá àgbà kan ní, "Ojú títì ni ìyàwó ọmọ mi bímọ sí lánàá. Ọkọ̀ ò lè jáde nínú kòtò."

Ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo títì ìlú gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé tábìlì.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Irú èyí ni kí ẹ rà."