Àgádágodo Orí Kòtò Omi

Ní abúlé tí Léontine ń gbé lápá Kpankou, nítòsí Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbẹ́lẹ̀ débi omi. Omi òjò tí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbà láti orí páànù sínú kòtò ni wọn yóò máa mu títí òjò mìíràn yóò fi dé. Kí Fidèle, ọkọ rẹ̀, tó lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, ó ki ọ̀pá bọ kòtò tiwọn, ó wo ibi tí ọ̀pá tutù dé.

"Ìyá Tómisìn, máa fọgbọ́n lò ó o. Bí ẹ bá ń bu garawa mẹ́ta lójúmọ́, yóò tán kí àwẹ̀ Àjíǹde tó dé ìdajì."

Léontine ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní kátíkísìmù. Ojoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló ń múra fún Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, Olúwatómisìn ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sì wà lára wọn. Léontine kì í fẹ́ kí wọ́n kàn há ẹ̀kọ́ sórí.

"Ohun tí ẹnu bá sọ, kí ọwọ́ ṣe é. Ẹ má purọ́. Ẹ má yẹ àdéhùn. Bí ẹ bá ṣoore, ẹ má fọn fèrè sí i."

Nígbà ọyẹ́, ìyàwó Babalọlá bímọ nílé kejì. Àsíátù, ìyá Babalọlá, gbé garawa òfìfo wá, ó kúnlẹ̀ tàgbàtàgbà.

"Ìyá Tómisìn, ṣàánú mi. Tiwa ti gbẹ. Omi tí a ó fi wẹ ọmọ náà ni."

Léontine ní òun náà lọ́mọ mẹ́ta nílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rí Tómisìn tó gbé omi ìwẹ̀ tirẹ̀, tó ń lọ sílé kejì. Ó gbá a létí. Lọ́jọ́ kejì, ó ra àgádágodo ní Kétu, ó fi ti ìdérí irin kòtò náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ẹ̀yìn àwòrán Màríà. Àsíátù bá a sọ̀rọ̀ nítorí etí ọmọ tó gbá. Léontine búra lójúde pé bí òǹgbẹ tilẹ̀ fẹ́ pa òun, òun ò ní tọwọ́ ará ilé yẹn gba omi mu láéláé. Láti ìgbà náà, wọn ò kíra wọn mọ́.

Lẹ́yìn èyí, Babalọlá rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó fi ń kẹ́rù lọ sí Kétu. Láàárọ̀, bìdọ́ọ̀nù ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kẹ́ẹ̀gì omi ofeefee, a máa ró gbàngàn-gbàngàn gba títì kọjá. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ti wúwo, wọn kì í dún.

Àwẹ̀ kọjá ìdajì, omi kò tán. Léontine ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó tutù dé orúnkún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ìtàn opó tí ìyẹ̀fun inú ìkòkò rẹ̀ kò tán fún àwọn ọmọ kíláàsì.

"Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ wá wo kòtò ilé mi!"

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tómisìn wolẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, Léontine ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó rí i pé ojú àgádágodo kọ sí ògiri. Ìta lòun máa ń kọjú rẹ̀ sí. Ilẹ̀ tutù yí ìdérí ká, ẹ̀kán omi sì tò láti ibẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà Àsíátù.

"Yéè! Mo gbé!" Ó káwọ́ lérí. "Ọlọ́run ń bù sí i fún mi, olè ń bù ú kó! Omi ọmọ mi ni wọ́n ń rọ sí bìdọ́ọ̀nù lọ tà ní Kétu!"

Ó pe Tómisìn.

"Ta ló ṣí kòtò?"

"Èmi ni, màámi."

"Ìyá Babalọlá wá síbí?"

"Wọ́n wá."

"Garawa mélòó ni wọ́n bù?"

"Wọn ò bu nǹkan kan."

Léontine fa pàṣán yọ. "Ojú mi kòrókòró! Omi tó kán sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Màámi, mi ò purọ́. Wọn ò bu omi wa."

"Kí ni wọ́n wá ṣe nígbà náà?"

"Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

Ó nà án. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún bi í. Ọ̀rọ̀ kan náà lọmọ náà ń sọ. Pàṣán bọ́ lọ́wọ́ Léontine, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti omi.

"Omi á tán, òjò á rọ̀. Ọmọ tó bá ti mọ irọ́ pa báyìí, omi wo la ó fi wẹ̀ ẹ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́, tèmi bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Lọ́jọ́rú, ó lọ bá Fadá pé kí wọ́n yọ orúkọ Olúwatómisìn kúrò lára àwọn tí yóò gba Kọmúníọ̀nù.

"Ṣé ẹ bi í dáadáa?" ni Fadá wí.

"Mo bi í títí, Fadá."

Fadá na kálámù sí i. "Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, ẹ̀yin náà ni olùkọ́ rẹ̀."

Ó fàlà sórí orúkọ náà. Nígbà tó délé, ó ká aṣọ funfun tuntun tí Tómisìn ìbá wọ̀ gba Kọmúníọ̀nù, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí. Tómisìn ń sunkún, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Màámi, ṣé ẹ ó lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọ̀la?"

"Mò ń lọ."

Kò lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé Bíbélì jáde lójú ọmọ náà, ó yí gba ẹ̀yìnkùlé, ó lúgọ sẹ́yìn ilé ìdáná pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kóun rí ọmọ òun níbẹ̀.

Ó rí i. Tómisìn mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ṣí àgádágodo. Àsíátù ti ilé kejì yọ, garawa lórí, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Tómisìn gbé ìdérí kúrò. Léontine dìde, ó gbé igi sókè, ó la ẹnu láti ké olè.

Àsíátù sọ garawa kalẹ̀ lórí, ó rọra da omi inú rẹ̀ sínú kòtò títí ó fi tán, ó sì gbọn ìdí garawa náà kí ẹ̀kán kankan má bàa ṣẹ́kù.