Ẹtu Tó Wọ Ikùn Erè

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, inú ikùn Erè ló wọ̀ lọ.

Ajá lé Ẹtu títí, àfi bí Erè ṣe gbé e mì lójú ọ̀nà, tìwo tegungun, tó sì sùn gbalaja. Inú bí Ajá. Ó ní, "Ọ̀lẹ, o kàn gbé ẹran mi pamọ́ ni. N ó fa ikùn yẹn ya."

Erè ò mira. Ó ní, "Gbé etí lé e ná."

Ajá gbé etí lé e, ó gbọ́ orin:

Ìkòkò ń hó, kò síná,
*Kùrùkẹrẹ, ikùn ń ṣiṣẹ́.*
Egungun ń kúnná, kò sọ́lọ,
*Kùrùkẹrẹ, ikùn ń ṣiṣẹ́.*

Ajá gbàgbé ìbínú, ó jókòó tì í. Nígbà tó yá, ikùn Erè fà wọlé, awọ rẹ̀ ń dán.

Ajá ní, "Ẹtu dà?"

Erè gbórí sókè. "Òun ló ń wò ọ́ yìí. Òun ló ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ara Ajá bù máṣọ. Látìgbà náà, bí ajá bá yó, a ká ara rẹ̀ kò, a gbé etí lé ikùn ara rẹ̀, kó lè gbọ́ orin náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ooru yẹn, ẹ̀bà àná ni.