Ẹni Tí Ìbò Mú

Ìyálé fi ẹja tó ń yan sílẹ̀, ó lọ dúró lé ìyàwó lórí.

“Dìde lórí àga yẹn! Ṣé gbogbo ohun rere tó bá wọlé yìí, tìẹ ṣáá ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyàwó ni ìbò mú,” ni òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣèwádìí kiri ìlú Ajido wí. Ọṣẹ kan ló máa fún ẹni tó bá dáhùn, ọṣẹ tó ti wọ́n, táwọn sọ́jà ń fi kòbókò to èrò sórí ìlà kí wọ́n tó rí i rà.

“Ìbò kọ́ ló gbé mi níyàwó!” Ìyàwó dìde, ìyálé jókòó. “Bi mí.”

“Ọmọ mélòó lẹ ti bí?”

“Mẹ́rin.”

“Mélòó ló wà láyé?”

Ìyálé ń wo ọṣẹ. Ó na ìka mẹ́rin, ó sì ká gbogbo wọn kò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lé ìyálé lẹ́sẹ̀.

“Ẹ kọ ọ̀kan sílẹ̀,” ló wí fún òṣìṣẹ́ ìlera.