Ìpín Ilẹ̀

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó wọ ihò Òkété.

Bí Ìyá Òkété bá po àádùn, òun, Bàbá àtàwọn ọmọ wọn kì í da ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn nù. Wọn á fi àádùn kan sínú ewé, wọn á rì í mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn á dárin, ilẹ̀ á gbè é:

Ilẹ̀, gba tìrẹ o!
*Jìnnìjìn.*

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Òkété ní òun á rì ìpín ilẹ̀. Ewé nìkan ló rì. Ó gbé àádùn mì. Ta ló rí òun?

Àwọn ọmọ dárin. Ilẹ̀ dákẹ́. Ikùn Bàbá ló gbè é:

*Jìnnìjìn.*

"Ẹ má kọ ọ́ mọ́!" Bàbá ké.

Wọ́n dákẹ́. Ikùn ò dákẹ́.

Ìyá wò ó títí. "Ẹ̀yin ọmọ, níbo la máa ń gbé ìpín ilẹ̀ sí?"

Àwọn ọmọ wo ikùn Bàbá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò tó gbà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.